Iná Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbé Sọ̀kalẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí léèrè bóyá iṣẹ́ ìwé kíkọ ń bọ́ ènìyàn, ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe é, n kò sì ní tàn yín. Ó bọ́ mi, ó rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé, ó sì sọ mí di Ìyá Onítàn láti Ìlọfà títí dé Ọ̀bọ Ayégúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu mi yìí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ oyè ìlú ọkọ mi ló ti là sílẹ̀, kò sì tíì padé. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo rò pé kò sí ohun tó tún lè yà mí lẹ́nu mọ́ láyé. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gba àkókò láti sọ. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ tápúráítà, ìjọba ìbílẹ̀ gbà mí sí ọ́fíìsì akọ̀wé. Owó oṣù kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọ̀gá Ajíbóyè ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ilé Odò ní ìlú wa. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, ìyẹn náà sì lè jẹ́ ọjọ́ Sátidé nígbà tí a kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ni, àmọ́ ìtàn ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó mọ ẹni tó jọba tẹ̀lé ẹni ní ìlú mẹ́jọ. Bí àwọn ọmọ tó wà ní Èkó tàbí Kàdúná bá fẹ́ wálé wá sin òbí wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ìwé ìsìnkú. Ẹ má fojú kékeré wo ìwé yẹn. Lágbègbè wa, orin àti àwòrán kọ́ ni àwọn mọ̀lẹ́bí kọ́kọ́ ń wò nínú rẹ̀, ojú ewé tí ìran òkú wà ni. Wọn á fi í sínú Bíbélì, ọmọ ọmọ á sì bá a níbẹ̀.

Òfin kan ni ọ̀gá mi ní. Ẹnu méjì, ilé méjì. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ kọ nípa ẹni àná, o gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn méjì tí kì í ṣe ọmọ ilé kan náà. Bí o bá tẹ ìwé àkọ́kọ́ tán, o gbọ́dọ̀ fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀. Inú àyè yẹn ni ọ̀gá á fi bírò pupa kọ ìbéèrè rẹ̀ sí: *Ta ló sọ fún ọ?* Ìwọ náà á fi bírò dúdú kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sísàlẹ̀. Bí o kò bá rí orúkọ kọ, gègé ni ọ̀gá á fi fa ọ̀rọ̀ náà dànù, ì báà jẹ́ òun ló dùn jù nínú ìwé. Mo sunkún nítorí bírò pupa yẹn ju bí mo ṣe sunkún nígbà tí wọ́n ń sìn mí lọ sílé ọkọ.

Lẹ́ẹ̀kan, mo kánjú, mo tẹ "olóògbé" síwájú orúkọ ìyá kan ní Koro tó wà láàyè. Ìwé ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Wọ́n ti pín in fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá gun ọ̀kadà wá, ó fi ìwé lélẹ̀ níwájú ọ̀gá, ó ní òun wá wo ẹni tó pa òun. Ọ̀gá kò bú mi. Ó mú mi lọ sí Koro lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní kí n dìde níwájú ìjọ kí n sọ fún wọn pé Màmá kò tíì kú. Mo dìde, mo sọ ọ́. Ìjọ dáhùn pé àmín. Ìyá náà sì jókòó níwájú, ó tẹ́jú mọ́ mi bíi pé ó ṣì ń retí ẹ̀rí.

Iṣẹ́ náà le, ẹ jẹ́ n wí fún yín. Orí ìwé kan tí wọ́n fi ìda pa, tí wọ́n ń pè ní sítẹ́ńsù, ni a ń tẹ̀ ẹ́ sí. Bí o bá ṣì í tẹ̀, ọ̀dà tí obìnrin fi ń kun èékánná la fi ń dí i, a ó fẹ́ ẹ títí á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé e sórí ẹ̀rọ, a ó máa yí i lọ́wọ́, yíǹkì á sì kùn wá dé ìgúnpá. Kọ̀ǹpútà dé, ìyẹn lọ. Fóònù dé, kọ̀ǹpútà náà di ohun tí eruku ń bò. Àǹfààní ni wọ́n, n kò ní bú wọn. Àmọ́ àyè ìka méjì yẹn kò sí nínú fóònù, mo ń wá a títí di òní.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ẹ̀bi mi. Èmi fẹ́ràn àròsọ. Mo ní ìwé kékeré mélòó kan tí mo ń kọ ìtàn àti eré sí, mo fi eré kan ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ rédíò kan ní Ìlọrin, wọn kò tilẹ̀ dá mi lóhùn. Ọ̀gá mọ̀. Ó kà á, ó ní eré náà dára, kí n máa kọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n kí n máa kọ ọ́ síbi tí ó ti ń jẹ́ àròsọ. Mo ní mo gbọ́ sà. N kò gbọ́.

Ilé méjì ló ń jọba ní ìlú wa, Ilé Òkè àti Ilé Odò, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Bàbá àgbàlagbà kan kú ní Ilé Òkè. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti Èkó dé, ọ̀kan jẹ́ ẹnjiníà, wọ́n fẹ́ ìwé ìsìnkú tó nípọn. Gbogbo rẹ̀ kún, àfi ojú ewé ìran. Baba ńlá wọn kan wà tó ń jẹ́ Òjó, orúkọ nìkan ni ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹnjiníà bẹ̀ mí pé kí n bá wọn tún un ṣe kó dùn. Ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo jókòó ti tápúráítà, mo wo orúkọ Òjó, àánú rẹ̀ ṣe mí pé ó kú láìní ìtàn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà ogun ẹlẹ́ṣin, orí òkè ni àwọn bàbá wa sá sí. Èyí jẹ́ òótọ́, ẹnu púpọ̀ ló sọ ọ́. Mo wá kọ ọ́ pé nígbà tí ogun tán tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, òjò ńlá rọ̀, ó pa gbogbo iná. Òjó nìkan ló fi àpáàdì gbé tirẹ̀, ó fi eérú bò ó, ó fi ọwọ́ kejì ṣíji bò ó, àpáàdì sì jó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ òkè, kò sọ ọ́ nù. Mo ní inú àdògán rẹ̀ ni gbogbo ilé tó wà ní ìlú ti wá fọ́n iná. Mo ní títí ó fi kú, àpá wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Àpá yẹn, ìyá ìyá mi ló ni ín. Bó ṣe wà lọ́mọdé, wọ́n rán an lọ fọ́n iná nílé aládùúgbò, àpáàdì jó o. Mo máa ń fi ìka tọ àpá náà nígbà tí mo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ òkú ìyá ìyá mi, mo fi lé Òjó lọ́wọ́.

Ọ̀gá kà á. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn, ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ó pẹ́ lórí ojú ewé náà ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ìwé jáde, wọ́n sin bàbá, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ẹnjiníà ka ìtàn Òjó sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin sì nu ojú. Ẹ má jẹ́ n ṣe bí ẹni mímọ́: inú mi dùn. Rédíò kò gba eré mi, ìlú gbà á.

Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Tèmi kò tilẹ̀ fọ́, ńṣe ló pa ọmọ. Òkú mìíràn kú ní Ilé Òkè, wọ́n da ọ̀rọ̀ mi kọ. Olùkọ́ kan fi ṣe eré ìparí ọdún. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ wọn tó wà nílùú ńlá dá ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́dọọdún tí wọn á wálé, wọn á gun òkè, wọn á gbé iná sọ̀kalẹ̀ nínú àpáàdì, wọn á fi osùn kun àtẹ́lẹwọ́ kan. Àwọn ìyá arúgbó ń kì wọ́n ní ọmọ agbéná-má-sọ-ọ́-nù. Mo dúró lójú pópó, mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ọ̀gá mi ti kú nígbà náà. N kò rí ẹni sọ fún, n kò sì wá ẹni sọ fún.

Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ̀yìn tì o, tí wọ́n fún mi ní àga àti ìwé ẹ̀yẹ. Lẹ́yìn náà ni ọba wàjà.

Ọmọ Ilé Òkè ni ọba tó wàjà, nítorí náà Ilé Odò ló kàn, ìyẹn ilé ọ̀gá mi. Ẹni tí wọ́n sì fà kalẹ̀ ni Bàbá Jóòbù, àbúrò ọ̀gá, tó ti jẹ́ gbénàgbénà, tó sì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Ni Ilé Òkè bá dìde. Wọ́n ní ojú rere ni àwọn ń fi pín oyè fún Ilé Odò látijọ́. Wọ́n ní ẹni tó gbé iná sọ̀kalẹ̀ ló ni gbogbo àdògán ìlú, ẹni tó sì ni àdògán ló ni ìtẹ́, kò sí ohun tó ń jẹ́ yíyí ká mọ́. Àwọn afọbajẹ yan ìgbìmọ̀ àgbà kan láti gbọ́ tẹnu wọn. Ìwé ìsìnkú tí èmi kọ ni Ilé Òkè gbé síwájú.

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá gba ìwé yẹn gbọ́, ilé ọ̀gá mi kò ní jọba mọ́ láéláé, nítorí ìyá ìyá mi jóná lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ mi ní Ìlọrin ní kí n panu mọ́, pé ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa pe ìyá àwọn ní Ìyá Onírọ́ ni. Mo lọ bá Bàbá Jóòbù. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n òun mọ̀. Mo ní rárá. Mo ní ṣùgbọ́n ọ̀gá fura, ó fi bírò pupa béèrè ta ló sọ fún mi, mo rántí ìbéèrè náà bí ẹni rántí àná. Ọ̀gá kì í sì í da ìwé àkọ́kọ́ nù. Mo ní ṣé àpótí páànù tó ń kó wọn sí ṣì wà? Ó ní ó wà. A wá inú rẹ̀, a rí ìwé Òjó. Bí mo ti rí ìkángun ìwé náà tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, mo ní kí wọ́n má ṣí i, kí wọ́n dì í, kí ìgbìmọ̀ fúnra wọn tú u, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo gbọ́n, àbí?

Inú gbọ̀ngàn ilé ìwé ni wọ́n ti jókòó, ó kún dé ojú fèrèsé. Mo dìde, mo ní èmi ni mo kọ ìtàn Òjó, inú orí mi ló sì ti wá, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Mo ní ẹ̀rí mi wà nínú ìwé yẹn, pé ọ̀gá mi béèrè, n kò sì ní orúkọ kankan tí mo lè fún un.

Alága tú ìdì, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á sókè: *Ta ló sọ fún ọ?* Mo mi orí. Bàbá Jóòbù náà mi orí.

Alága ní, "Ó kù o. Bírò dúdú wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó kà á. *Ìyá àgbà ilé wọn ló sọ ọ́ fún mi. Bàbá kan ní Koro sọ bákan náà.* Lábẹ́ ìyẹn, ní bírò pupa: *Ẹnu méjì. Ó dára. Tẹ̀ ẹ́.*

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti gbàgbé. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, ìbéèrè ọ̀gá ni mo rántí, n kò rántí èsì mi. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù ká sìnkú, mo kọ ìyá kan, mo kọ bàbá kan, méjèèjì kò sí. Ọ̀gá mi tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ láyé, ó gbà mí gbọ́.

Alága bọ́ awò. "Ìyá Onítàn, ọwọ́ ta ni èyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ṣé ìgbà yẹn lẹ purọ́, àbí nísinsìnyí?"

Mo ní ìgbà yẹn ni. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé Ilé Odò ti fún mi ní nǹkan jẹ.

Èyí tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló mú kí ẹnu mi là títí di òní. Ìyá tó dàgbà jù ní Ilé Òkè, Yèyé Abẹ̀ní, fi ọ̀pá dìde, ó rìn wá bá mi. N kò bá obìnrin yìí jókòó sọ̀rọ̀ rí láyé mi, ká kí ara wa lójú ọ̀nà ni. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Má sunkún, ọmọ mi. Ìgbàgbé àgbà ni. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ọ. O jókòó tì mí nídìí àdògán ní ulé wa, ìyá mi ló sì sọ ọ́ fún èmi."

Mo wo ojú rẹ̀. Obìnrin náà kò purọ́. Àánú mi ń ṣe é. Ó ti gbọ́ ìtàn mi fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi rí ìyá tirẹ̀ nínú rẹ̀, tó tún rí èmi. Ìṣẹ́jú kan wà tí èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í rí àdògán náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi bá a lóòótọ́. Irọ́ wò ó, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Ilé Òkè ló jọba. Ilé Odò kò sí nínú ìlà mọ́.

Lọ́dún tí ọba tuntun gorí ìtẹ́, Bàbá Jóòbù wá sílé mi lọ́jọ́ iná. Wọ́n fà á lọ́wọ́ wá, ẹnìkan sì ru àpótí páànù ọ̀gá tẹ̀lé e. Ó ní òun gbé e wá fún mi, pé kò wúlò nílé àwọn mọ́. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ orin wọn tí wọ́n ń ti òkè bọ̀. Wọn kò kọjá sí ààfin bí wọ́n ti ń ṣe, ilé mi ni wọ́n yà sí. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀, tí irun rẹ̀ ti funfun, ló gbé àpáàdì lọ́wọ́. Ó tẹríba níwájú mi, ó ní kábíyèsí ní kí Ìyá Onítàn kọ́kọ́ gba iná, nítorí bí kò bá sí mi, ìtàn ì bá ti parẹ́, àti pé wọ́n ti dárí ohun tí mo sọ ní gbọ̀ngàn jì mí.

Mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, n kò dáná igi mọ́, gáàsì ni mò ń lò.

Bàbá Jóòbù kò ríran, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí mo dúró sí. Ó kọjú sí mi, kò pariwo.

"Gbà á," ó ní. "Àwọn kọ́ ló dá uná yìí. Ùwọ lo dá a."

Mo na ọwọ́. Eérú tí wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀ kò tó, àpáàdì náà gbóná kọjá bó ṣe yẹ, wọ́n sì ń kọrin, n kò lè sọ ọ́ nù níwájú wọn. Mo gbé e títí dé ibi àdògán àtijọ́ lẹ́yìnkùlé. Àpá rẹ̀ rè é ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ kọ ibi tí mo ti rí i.